Ìka Bàbá Rẹ Tí Kò Nà Mọ́

Joga-Orílé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànní ọmọ àbúrò mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú àárẹ̀ ọ̀nà, o kú ìfaradà ìlú onílùú. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún ọ̀tún rẹ ti jẹ́ kí o sinmi? Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní láfún tí o ní kí òun sá fún ọ ti gbẹ tipẹ́, kòkòrò sì ti ń bá ọ jẹ ẹ́. Àǹtí rẹ tó wà ní Ìlaròó kí ọ. Gbogbo ará ilé ìsàlẹ̀ kí ọ. Ajá rẹ ì bá kí ọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù kẹta. A kò sọ fún ọ nítorí ìdíje tí ẹ ń bá lọ nígbà náà. O kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ìkíni yẹn yóò ta ọ́ lára. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kí i ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kò jẹ́ kí n sùn. Ọjà Sayédèrò ni mo lọ, mo fẹ́ ra okùn ewúrẹ́, ni ìyàwó onímọ́tò wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní o ti sọ fún ẹgbẹ́ tuntun rẹ pé ìwọ kò lè ṣe kípà kejì lẹ́yìn ọmọ ogún ọdún. Ó ní o ti di ẹrù rẹ. Ó ní éjẹ́ǹtì kan ní Kútọnu ti ṣèlérí ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ, àti pé owó tí éjẹ́ǹtì náà ń bèèrè ló mú kí o máa wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ igi tíìkì bàbá rẹ. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tó fẹ́ rà á ló sọ fún òun, ó sì ka iye igi tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó kà á pé. Mo gbàgbé okùn ewúrẹ́ sí ọjà.

Mo mọ orúkọ tí wàá kọ́kọ́ dá lù mí: Peter Rufai. Láti ìgbà tí o ti ń fi páálí ṣe ìbọ̀wọ́ ni o ti ń pe ara rẹ ní Dodo Mayana, ìnagijẹ rẹ̀. Òótọ́ ni pé Rufai gba Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kọjá. Ẹgbẹ́ Dragons de l'Ouémé ló gbá bọ́ọ̀lù fún níbẹ̀ kó tó bọ́ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1987. Ṣùgbọ́n o máa ń fo ojú ìwé kan nígbà tí o bá ń ka ìtàn yẹn. Ní 1984, Rufai ti dúró sẹ́nu àwọ̀n Nàìjíríà nínú ìdíje ife Áfíríkà, a sì dé àṣekágbá. Orúkọ ló fi san owó bodè. Ìwọ fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá rẹ san án.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Rufai yìí kan náà mọ̀ ọ́n jókòó. Ka ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn Lokeren: Beveren, Go Ahead Eagles, Farense, Hércules, Deportivo La Coruña, Gil Vicente. Ní Deportivo, Jacques Songo'o, ará Kamẹrúùnù, ló ń dúró sẹ́nu àwọ̀n, Rufai sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ti gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994, tó tún gbá ti 1998, ló ń gbọ́ ariwo lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí ó kú ní oṣù keje 2025, ní ẹni ọdún 61, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lórí rédíò ka ọjọ́ tó fi jókòó sí i lọ́rùn. Wọ́n ní ó kọ ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ìdímù nítorí bọ́ọ̀lù. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò ta ìtẹ́ náà, Àkànní.

Bí mo bá ti mẹ́nu kan 1994, mo máa ń rántí Wilfred Agbonavbare. Ìwọ kò tíì gbọ́njú nígbà náà. Rufai ló gbá eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a gbá ní Amẹ́ríkà, Wilfred jókòó. Kì í sì í ṣe kípà yẹpẹrẹ o. Ọdún mẹ́fà ló fi wà ní Rayo Vallecano ní Madrid, láti 1990 sí 1996, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù parí. Jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀, owó tó ti kó jọ bá ìtọ́jú lọ, ìyàwó náà sì tún lọ. Ọkùnrin tó ti wọ aṣọ Nàìjíríà ń gbé ẹrù èrò ní pápákọ̀ òfuurufú Barajas. Jẹjẹrẹ pa òun náà ní oṣù kìíní 2015, ẹni ọdún 48 ni. Lónìí, ẹnu ọ̀nà kan ní pápá Vallecas ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ilé. Èyí ni mo ń wí nígbà tí mo bá ń wí nípa ilẹ̀ igi tíìkì, tí o máa ń ní mo ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ ayé òde òní tilẹ̀ ń fi ìjókòó ṣe iṣẹ́ gidi. Ọmọ Àǹtí rẹ tó wà ní Houston pè mí ní Àjíǹde, ó fi bọ́ọ̀lù tiwọn hàn mí lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá. Ó ní kí n wo ọkùnrin kan tó jókòó sí ibì kan tí orúkọ rẹ̀, bí a bá túmọ̀ rẹ̀, jẹ́ ọgbà akọ màlúù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní ọkùnrin náà lè jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, títí fóònù ara ògiri yóò fi dún. Nígbà náà ni yóò dìde, tí ara rẹ̀ yóò yá, tí yóò wọ pápá nígbà tí gbogbo nǹkan ti dàrú, tí yóò ju bọ́ọ̀lù bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ parí. Ó sọ ti ajubọ́ọ̀lù kan fún mi, Edwin Jackson, tó bẹ̀rẹ̀ eré nígbà mìíràn, tó ń bá wọn parí rẹ̀ nígbà mìíràn: láti 2003 sí 2019, ẹgbẹ́ 14 ló wọ aṣọ wọn nínú líìgì àgbà. Ó tún sọ ti ọmọ wa kan tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, Demi Orimoloye: Milwaukee Brewers mú un ní 2015, nígbà tó di 2018 wọ́n fi í gba àgbà agbábọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ Toronto, bí ìgbà tí a fi òbúkọ gba àgbò. Ìwọ lọ sí ẹgbẹ́ márùn-ún ní ọdún mẹ́sàn-án, o ń sunkún pé wọ́n ń tì ọ́ kiri. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ṣùgbọ́n Dele Aiyenugba ni mo fẹ́ kí o rò jù lọ. Oṣù Kejìlá 2004, ní Àbújá, àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, Enyimba àti Étoile du Sahel ti Tùnísíà. Wọ́n ti fi 2–1 nà wá lọ́dọ̀ wọn, àwa náà fi 2–1 nà wọ́n nílé. Vincent Enyeama ló wà lẹ́nu àwọ̀n, ọmọ tí Ìlú Ọba kò rí góòlù kankan gbá wọlé lára rẹ̀ ní Ife Àgbáyé 2002. Nígbà tó ku díẹ̀ kí pẹ́nárítì bẹ̀rẹ̀, kóòṣì mú Enyeama jáde, ó fi Aiyenugba wọlé. Pálọ̀ bàbá rẹ la ti ń wò ó, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, gbogbo wa dìde pé kóòṣì ti ya wèrè. Ọmọkùnrin tó ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ eré rìn lọ sẹ́nu àwọ̀n bí ẹni ń lọ sí oko bàbá rẹ̀. Enyimba gba ife náà. Gbogbo ilé ń jó. Bàbá rẹ nìkan ni kò jó. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa ìka rẹ̀ yẹn, ó ń wò mí. N kò lè wò ó padà.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ rí.

O rántí ìka àárín bàbá rẹ, tọwọ́ òsì, tí kò nà mọ́. Ní kékeré, o máa ń fà á, o rò pé bí o bá fà á dáadáa yóò tọ́. Ó sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù ló pa á. Ohun tó sọ fún ìyá wa náà nìyẹn. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ní Kérésìmesì 1976, àwa ọ̀dọ́ Joga lọ gbá ife ní Ìlaròó. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe kípà wọn. Èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ bí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ọsàn àìpọ́n la fi kọ́ ọ, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kóòṣì gba jẹ́sì lọ́wọ́ mi, ó jù ú sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n wá sinmi ní ìdajì eré, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo ní kí wọ́n lọ wá kípà kejì. Mo ti dé ojú ọ̀nà, mo ń súfèé, nígbà tí ìka bàbá rẹ há sáàárín bọ́ọ̀lù àti òpó. Wọ́n ní ó wo ibi tí mo jókòó sí. Ó tún wò ó. Nígbà tí kò rí mi, ó fi eyín ya etí jẹ́sì náà, ó dì í mọ́ ìka, ó sì dúró títí eré fi parí. Wọ́n gba ife.

O bi mí nígbà kan pé níbo ni mo wà nínú fọ́tò ọjọ́ náà tó kọ́ sí pálọ̀. Mo ní èmi ni mo ya fọ́tò náà. Àkànní, n kò di kámẹ́rà mú rí láyé mi. Bàbá rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo parọ́ yẹn, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé irọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà fún mi títí a fi sin ín. Kò sí kóòṣì kankan tó tún pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò sì jẹ̀bi.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé n kò mọ bí bẹ́ńṣì ti ń gbóná lábẹ́ ìdí ọkùnrin. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò fẹ́ kí o mọ̀ ni bí ó ti rí kí wọ́n wo ẹ̀yìn, kí wọ́n má bá ọ níbẹ̀.

Padà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tuntun rẹ. Bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ogún ọdún náà kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Kọ́ ọ ní ohun tí o mọ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni yóò gba jẹ́sì. Ní ti éjẹ́ǹtì, FIFA ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kí ó sì gba ìwé-àṣẹ. Ní kí ó fi tirẹ̀ hàn ọ́ kí o tó dá a lóhùn mọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, o ti rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sílé ní Sátidé. Gbé ìbọ̀wọ́ rẹ dání, má gbé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dání. Ìyá rẹ yóò ro ọkà. Ìwé ilẹ̀ náà wà lábẹ́ tìmùtìmù àga mi ní pálọ̀, n kò sì ní dìde lórí rẹ̀. Lórí èyí, èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ti ń jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Joga.