Orí Keje: Ìwọ̀n Ọjà Yàtọ̀ sí Owó Ọjà

Ní Yúróòpù, Fínláǹdì àti Swídìn ní igbó púpọ̀, èèyàn wọn ò sì pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú pépà àti páálí tí wọ́n ń ṣe, òkèèrè ni wọ́n ń tà á sí. Jámánì ló ń ṣe pépà jù ní Yúróòpù, síbẹ̀ ó ń tà, ó sì ń rà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà ju bó ṣe ń tà lọ. Côte d'Ivoire náà ń rà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá sí èbúté Abidjan.

Láti 1961 ni àkọsílẹ̀ FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí ọjà pépà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Èkíní ni ìwọ̀n, ìyẹn tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò. Èkejì ni owó. Ìwọ̀n kì í ṣe owó. Owó kì í ṣe ìwọ̀n. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í.

Ká ní ìyá kan tó ń ta ìwé ọmọléèwé ní Abobo Gare, ní Abidjan, ra páálí ìwé 10 lọ́dún èṣí, ní 5,000 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó san 50,000. Lọ́dún yìí, ó ra páálí 8, ní 7,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó san 56,000. Owó tó san ti lé. Ṣé ọjà rẹ̀ lé? Rárá. Páálí 10 ti di 8. Ẹni tó wo owó nìkan á ní ọjà ń gbèrú. Ẹni tó ka páálí mọ̀ pé ó ti dín.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kìíní 1994. Tẹ́lẹ̀, 50 sẹ́fà ni faran Faransé kan. Nígbà tí wọ́n já sẹ́fà wálẹ̀, ó di 100. Pépà tí wọ́n ń tà ní 1,000 faran ní Faransé, tó jẹ́ 50,000 sẹ́fà, di 100,000. Pépà náà ò fi kílò kan wúwo sí i. Owó ló yí padà, ìwọ̀n ò yí.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù náà ní 2022. Gáàsì àti iná mànàmáná wọ́n, owó pépà bá wọn gòkè; tọ́ọ̀nù tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe sì dín kù. Owó lọ sókè, ìwọ̀n lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ọdún kan wé òmíràn ní láti kọ́kọ́ wo tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù ló fi hàn pé pépà ìwé ìròyìn ń dín kù láti ìgbà tí èèyàn ti ń ka ìròyìn lórí fóònù, àti pé páálí tí wọ́n fi ń di ẹrù ń rí ọjà. Ní Fínláǹdì, wọ́n ti ilé iṣẹ́ pépà Kaipola pa ní 2020, wọ́n ti Veitsiluoto pa ní 2021. Lọ́dún 2021 kan náà, ẹ̀rọ kan tó ń ṣe pépà ní Oulu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe páálí.

Oníṣòwò tó gbọ́n a máa kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀: iye ọjà àti iye owó. Kì í bu kún un, kì í yọ kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dúró níwájú ará ìlú tó ní ọjà ìlú ti gbèrú, ó yẹ kí ará ìlú fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè: ṣé owó ló gbèrú ni, àbí ìwọ̀n?