Ọtí, Igbó àti Ọkàn Tó Dàrú: Ilẹ̀kùn Wo Ni Ká Kàn ní Peckham?

Lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ máa kà lọ́sẹ̀ yìí, láti Peckham ni gbogbo wọn ti wá. Mo ti gé wọn kúrú, mo sì ti yọ ohunkóhun tó lè jẹ́ kí aládùúgbò mọ ẹni tó kọ ọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ síkiọ́rítì òru ni ọkọ mi ń ṣe. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò sì rí owó lọ sìnkú, ọtí ló fi ń pe oorun. Ìgò wísíkì kan kì í ju ọjọ́ méjì lọ mọ́. Tó bá jí tí kò tíì mu nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun kì í ṣe wèrè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Maudsley, ọsibítù ọpọlọ, fún òun. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé màá da gbogbo rẹ̀ nù sínú síńkì. Àbí báwo lẹ ṣe rí i sí? — Ìyàwó Ilé, Queens Road.”

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì dà á nù. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín. Ara ọkọ yín ti mọ́ ọtí débi pé bó bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí, ó sì lè bá a lọ. Ẹ wò ó báyìí: ìgò wísíkì 70cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, yúníìtì 28 ló wà nínú rẹ̀. Yúníìtì 14 ni àwọn ọ̀gá dókítà ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àgbàlagbà má kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó yẹ kó pé ọjọ́ méje ni baálé yín ń gbé mì lójúmọ́ kan. Tó bá dáwọ́ dúró, tó wá ń làágùn, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu mọ́, tàbí tí gìrì gbé e, 999 lẹ máa pè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè.

Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, Change Grow Live ni kó lọ, àwọn tí káńsù Southwark gbé ìtọ́jú ọtí àti oògùn olóró lé lọ́wọ́. Camberwell Road ni wọ́n wà, bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham ń gba títì yẹn kọjá. Kò dìgbà tí GP bá kọ lẹ́tà. Ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tàbí kó tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n á bá a dín ọtí kù díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn tí yóò gbé ara rẹ̀ ró títí ọtí á fi jáde lára rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi fítámì B1 kún un, torí ọtí máa ń fa èyí tó wà lára gbẹ.

Ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́ ló ń ba ọkọ yín jà. Ọkùnrin tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ orí WhatsApp ló ti wo erùpẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dà á sórí pósí, ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Talking Therapies Southwark ló wà fún irú èyí: ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn ti ọtí á ní kó lọ tọ́jú ọkàn rẹ̀ ná. Àwọn ti ọkàn á ní kó lọ jáwọ́ nínú ọtí ná. Aláìsàn á wá di bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹ má gbà fún wọn. Ìlànà tí Public Health England gbé jáde lọ́dún 2017 sọ ọ́ kedere pé ilẹ̀kùn èyíkéyìí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kàn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kí apá méjèèjì sì jọ tọ́jú rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n lè ní kí ọtí kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè wọ̀ ọ́ létí, mi ò ta ko ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kàn sí ara wọn.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ lè pe GP rẹ̀. Kò lè tú àṣírí ọkọ yín fún yín bí ọkọ ò bá fọwọ́ sí i, àmọ́ kò sí òfin tó ní kó má gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Ẹgbẹ́ Al-Anon náà wà fún ìyàwó, ọmọ àti òbí àwọn tó ń mutí. Ẹ lè lọ jókòó síbẹ̀ láì lanu. Bó bá sì ń wa mọ́tò, òfin ní kó jẹ́ kí DVLA, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakọ̀, gbọ́. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

Ẹ̀rù Maudsley tó ń bà á, ìyá kan ti béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà kejì lọ́nà tó ju tiyín lọ.

“Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 19. Igbó líle tí wọ́n ń pè ní skunk ló ń mu láti ọdún méjì. Láti Kérésìmesì ló ti ń sọ pé àwọn tó ń gbé lókè wa ń fi tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ òun. Ó ti fi bébà dí fèrèsé yàrá rẹ̀, kò wẹ̀, ó sì ní kí n kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò kóun tó jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ mú un lọ sí ilé àdúrà kan ní Nàìjíríà, kí wọ́n fi í síbẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi pé. Ọ̀rẹ́ mi náà ní tí mo bá gbé e lọ sọ́sibítù níbí, wọ́n á tì í mọ́lé ni. — Ìyá Tí Kò Rí Oorun Sùn.”

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tán. Ní ilẹ̀ England, ìlọ́po mẹ́ta ó lé ni wọ́n fi ń fi òfin dá èèyàn dúdú dúró sọ́sibítù ọpọlọ ju òyìnbó lọ. Lọ́dún 2010, Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá rẹpẹtẹ dì í mọ́lẹ̀ ní Bethlem, ọsibítù tó wà lábẹ́ àjọ kan náà pẹ̀lú Maudsley. Àwọn òbí rẹ̀ kò sinmi, òfin ọdún 2018 tí gbogbo ayé ń pè ní Seni's Law sì ti inú ìjàkadì wọn jáde. Ó sọ ọ́ di dandan kí ọsibítù ọpọlọ kọ ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi agbára mú aláìsàn sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù yìí ò nídìí, kò gbé àárín wa ni.

Síbẹ̀, ohun tí mo ń rí ni pé ìdúró pẹ́ ló ń kó wa sọ́wọ́ ọlọ́pàá. A máa ń fi ọmọ pa mọ́ sínú yàrá títí yóò fi jáde sí títì láìwọ bàtà, tí àlejò á sì tẹ 999. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá tètè mú lọ, ó lè jẹ́ ilé rẹ̀ ni wọn ó ti máa tọ́jú rẹ̀.

Àmì tí ẹ kà yìí ti kọjá ìwà ọ̀dọ́, àárẹ̀ ọpọlọ ni, igbó yẹn sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Marta Di Forti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London, nítòsí Maudsley níbẹ̀ gan-an, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2019. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá ń mu igbó líle lójoojúmọ́, ewu irú àárẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò mu ún rí. Wọ́n tún ṣírò pé bí igbó líle ò bá sí nígboro London, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni kò bá má kó o. Èyí ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń mu ún ló máa dàrú o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dàrú, kò yẹ kó máa mu ún lọ.

Nítorí náà, ẹ pe GP lónìí, kí ẹ dárúkọ “Early Intervention” fún un, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí irú àárẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Kì í ṣe gbogbo GP ló máa rántí fúnra rẹ̀. Òdiwọ̀n NHS ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá di òru, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2. Ẹni tó mọ̀ nípa àárẹ̀ ọpọlọ ló máa gbé e. Tó bá ń sọ pé òun máa ṣe ara òun tàbí ẹlòmíì léṣe, ẹ wọ rélùwéè láti Peckham Rye sí Denmark Hill, ibùdókọ̀ kan péré ni, iyàrá pàjáwìrì ọsibítù King's College wà nítòsí ibẹ̀. Tó bá kọ̀ láti wọkọ̀, 999 ni.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé mi ò bá a jà. Kí aláìsàn wà láàárín ẹbí, ọgbọ́n àwọn baba wa ni, ẹni tó sì fi han ayé kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Maudsley yìí kan náà: Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó padà sílé lọ́dún 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Àrò, l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan kan tẹ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sibítù, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣe oko. Ó tún ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí Lámbò ṣe nìyẹn. Ilé tí wọ́n ti ń so ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ ò bá a tan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Òjóò, n'Ìbàdàn, ni ọlọ́pàá ti kó èèyàn tó ju 200 jáde. Kí bàbá dá tíkẹ́ẹ̀tì padà, kó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ GP.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe kéà. “Ẹ̀yìn ló ń dùn mí látàrí gbígbé arúgbó. Co-codamol ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tramadol tí wọ́n ń mú wá láti Èkó ni mò ń lò báyìí, bí mi ò bá lò ó, ara á máa ta mí, ẹkún á sì máa gbọ̀n mí. Mo fẹ́ olùdámọ̀ràn tó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì mi.”

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì ìwọ náà. Hóró kan nínú èyí tí wọ́n ń tà nígboro nílé lè jẹ́ 225 mílígíráàmù. 50 ni kápúsù tí dókítà sábà máa ń kọ níbí. Tó bá pọ̀ lára, ó ń fa gìrì. Àwọn Change Grow Live ní Camberwell Road tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń tọ́jú èyí náà.

Ní ti olùdámọ̀ràn aládàáni, ṣọ́ra. Nílẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni lè kọ “counsellor” tàbí “psychotherapist” sára ilẹ̀kùn rẹ̀, òfin ò dí i lọ́wọ́. Wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn, BACP tàbí UKCP, kí o tó san kọ́bọ̀. Bó bá ní “clinical psychologist” lòun, ìwé orúkọ HCPC, àjọ tí òfin ní kó máa bójú tó wọn, ni kó o wò. BAATN ni ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn tó jẹ́ èèyàn dúdú àti ará Éṣíà, ibẹ̀ ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bi í léèrè bóyá ó ti tọ́jú ẹni tí oògùn mú lẹ́rú rí. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, dìde. NHS pẹ̀lú lè fún ọ ní ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, o sì lè sọ pé o ò fẹ́ ará àdúgbò rẹ. Àṣírí rẹ á wà lọ́wọ́ wọn, àfi bí ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíì, pàápàá ọmọdé, bá wà nínú ewu.

Ẹ̀yin pásítọ̀, mo fẹ́ bá yín sọ gbólóhùn kan. Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde lọ́dún 2013 ka ìjọ àwa aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Ọ̀dọ̀ yín làwọn èèyàn wọ̀nyí ń kọ́kọ́ sáré wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún wọn. Tí ẹ bá ṣe àmín tán, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da oògùn dókítà nù, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà 111 mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde ìṣọ́ òru yín.