Ọmọ tí kò tíì fọhùn ti ń kọ́ èdè wa

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ wo ọmọ tó wà láàárín oṣù 9 sí oṣù 12. Ó ń rákò, ó ń di àga mú dìde, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó yanjú. Nítorí náà, àwọn òbí kan rò pé kò tíì sí ohun tí a lè bá a sọ. Ní Àjàṣẹ́, a mọ àwọn mìíràn tó ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń bá ọmọ sọ Faransé nìkan. Wọ́n ní bó bá dàgbà, yóò gbọ́ Yorùbá.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees fi hàn pé ọmọ oṣù 6 sí 8 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró Híńdì kan tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní oṣù 10 sí 12, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Èdè tí etí ọmọ ń gbọ́ ló ń dì mú.

Ẹnu rẹ̀ náà ń tẹ̀ lé etí. Ní 1993, Bénédicte de Boysson-Bardies fi ìró ẹnu àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, èdè Súwídìn àti Yorùbá wéra. Àwọn ọmọ Yorùbá máa ń fi fáwẹ́lì ṣíwájú ju àwọn yòókù lọ, bíi "aba" dípò "baba". Ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ wa: omi, ilé, ẹsẹ̀, àgbàdo. Fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

Kí ni ká wá ṣe?

1. Ẹ dá ọmọ lóhùn. Bó bá nawọ́ sí ife tó ń ké "ami, ami", ẹ ní: "Omi lo fẹ́? Omi rè é. Omi tútù."

2. Ohun tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ fún un, kì í ṣe èyí tó wù yín.

3. Ẹ jẹ́ kí ohùn pé. Ohùn ló ya ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa kì í.

4. Ẹ ṣọ́ etí rẹ̀. Ọmọ oṣù 10 tí kì í yíjú sí ìró, tàbí tí kò pe nǹkan bíi "bababa" rí, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.

A kò ní Faransé burú. Ọmọ lè gbọ́ èdè méjì pọ̀ láìsí ewu. Ṣùgbọ́n ilé ìwé yóò kọ́ ọ ní Faransé. Bí ilé kò bá kọ́ ọ ní Yorùbá, ta ni yóò kọ́ ọ?

Iṣẹ́ àmúrelé: ẹni tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀, kí ó kọ 20 nínú ìró ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Mélòó ló fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú un wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.