Àdìrẹ Nínú Skyrim: Kí Ló Dé Tí Aṣọ Náà Fi Di Elésè Àlùkò?

ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún àwọn ará ìlú inú géèmù Skyrim Special Edition. Mo ya àdìrẹ náà sórí kọ̀ǹpútà, PNG ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí mo rí i pé DDS ni géèmù náà ń lò, mo pa ìparí orúkọ fáìlì mi dà láti .png sí .dds. Bí mo ṣe ṣí géèmù báyìí, aṣọ náà di elésè àlùkò látòkè délẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ lo texconv, àmọ́ ojú dúdú lásán tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí ni mo bá níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì kankan tí mo lè tẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ ni?
Aránṣọ Inú Géèmù, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Elésè àlùkò tí o rí yẹn ni Skyrim fi ń sọ pé òun kò rí àwòrán tí òun lè lò. Orúkọ lo pa dà. PNG ló ṣì wà nínú fáìlì náà.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò kéré. Nítorí ká lè tọ́jú àwòrán tàbí ká fi ránṣẹ́ ni PNG ṣe ń fún un pọ̀. Tó bá di pé ká lò ó nínú géèmù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀. Àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 2048 ní ìbú, 2048 ní òró, á gba mẹ́gábáìtì 16 nínú ìrántí káàdì àwòrán. Àwọn ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí DDS máa ń gbé ń gé àwòrán sí ìṣù kéékèèké, píksẹ́lì 4 sí 4, káàdì á sì máa ka ìṣù tó bá nílò láìtú ìyókù. Àwòrán kan náà á wá gba mẹ́gábáìtì 4 tí a bá fi BC7, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìfúnpọ̀ náà, fún un pọ̀, tàbí 2 péré pẹ̀lú BC1, tó jẹ́ òmíràn. Ro ti ìlú kan nínú géèmù, níbi tí ògiri, igi, irun àti bàtà ti ní àwòrán tiwọn, wàá mọ ìdí tí àwọn tó ṣe é fi yan DDS.

Àmọ́ àpò lásán ni DDS. BC1 lè wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ BC3, BC5 tàbí BC7, ó sì lè jẹ́ àwòrán tí wọn kò fún pọ̀ rárá. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, kí o tó yí ohunkóhun pa dà, lọ wo fáìlì tí géèmù fúnra rẹ̀ ń lò. Yọ ọ́ jáde láti inú BSA, ìyẹn àkójọ fáìlì Skyrim, kí o wá kọ èyí:

texdiag info aso.dds

Ìkejì texconv ni texdiag. Inú iṣẹ́ DirectXTex ti Microsoft ni àwọn méjèèjì ti wá, ọ̀fẹ́ ni, kọ́ọ̀dù wọn sì wà ní gbangba. Texdiag á sọ ìbú, òró àti irú ìfúnpọ̀ fáìlì náà fún ọ.

Èwo wá ni kí o yàn? BC1 ń tọ́jú àwọ̀ méjì péré fún ìṣù kọ̀ọ̀kan, á sì po méjì mìíràn láàárín wọn. Àwọ̀ mẹ́rin ni gbogbo ìṣù náà ní. Èyí bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ mu gan-an, torí aró àti funfun ni, pẹ̀lú búlúù tó ṣá díẹ̀ létí ibi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ ṣe aṣọ òkè lọ́la, tí òwú pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé pàdé níbi tóóró, BC1 á da àwọ̀ wọn rú. BC7 ló dára fún irú ìyẹn, torí ó lè lo ju àwọ̀ méjì ìpìlẹ̀ lọ nínú ìṣù kan. Direct3D 11, ètò tí géèmù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, ló mú BC7 wá. Skyrim ti ọdún 2011, tó ń lo Direct3D 9, kò mọ̀ ọ́n. Special Edition tó jáde ní 2016 mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣẹ̀dá fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dds, kí o wá kọ àṣẹ yìí:

texconv -f BC7_UNORM -srgb -y -o dds adire.png

Lẹ́yìn -f ni o ti ń sọ irú ìfúnpọ̀ tí o fẹ́; tó bá jẹ́ BC1 lo yàn fún àdìrẹ rẹ, BC1_UNORM ni kí o kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn -o ni o ti ń sọ fódà tí èsì yóò bọ́ sí. Ṣọ́ra pẹ̀lú -y: yóò kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìbi ọ́ léèrè. Ní ti -srgb, ó ń sọ fún texconv pé irú àwọ̀ kan náà ló ń wọlé tó sì ń jáde. Tí o bá yọ ọ́ kúrò, aró rẹ lè jáde ní dúdú ju bó ṣe yẹ lọ.

Texconv á tún fúnra rẹ̀ ṣe àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mipmap, láti 2048 títí dé 1, ìpele 12. Àwọn ni géèmù ń lò nígbà tí ẹni tó wọ aṣọ bá wà lọ́nà jíjìn. Láìsí wọn, àwọn ìlà tínínrín inú àdìrẹ á máa ta yẹ́yẹ́ lójú. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni wọ́n ń fi kún ìwọ̀n fáìlì.

Má fọwọ́ kan fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí _n.dds. Kì í ṣe àwọ̀ ló wà níbẹ̀, bí ojú aṣọ ṣe gbé sókè tó sì rẹlẹ̀ ni. Àwọ̀ nìkan lo ń yí pa dà, ti àtijọ́ á ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tó rọrùn wà. GIMP àti Paint.NET lè tọ́jú àwòrán sí DDS, bọ́tìnnì lo sì máa tẹ̀. Tó bá jẹ́ àwòrán kan tàbí méjì, lọ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí o bá ya ogójì, kọ *.png sí ipò adire.png, àṣẹ kan á parí gbogbo rẹ̀, ìlànà kan náà ni wọn yóò sì tẹ̀ lé. Tí BC7 bá ń pẹ́ jù lórí kọ̀ǹpútà rẹ, fi -bc q kún un. Á yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ á dín díẹ̀.

Gbé èsì náà sínú Data\textures, ní ojú ọ̀nà àti orúkọ tí fáìlì àkọ́kọ́ ń jẹ́. Géèmù á mú tìrẹ ṣáájú èyí tó wà nínú BSA. Tọ́jú PNG rẹ, torí gbogbo ìgbà tí a bá tún DDS fún pọ̀ ni ẹwà rẹ̀ ń dín. Tí o bá sì fẹ́ pín iṣẹ́ rẹ fáwọn ẹlòmíràn, àwòrán tí o fọwọ́ ara rẹ yà nìkan ni kí o pín. Ti Bethesda, iléeṣẹ́ tó ṣe Skyrim, ni èyí tí o yọ nínú BSA, má fi kún un.