Ẹ̀yìn olóbe àti ojú tó pọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ojú àbúrò mi pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì ti dúdú. Màmá wa ń se ẹ̀yìn olóbe fún un. Wọ́n ní òun náà làwọn ará Ṣáínà fi ń wo ẹ̀dọ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Òǹkàwé yín, Ẹ̀pẹ́, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òótọ́. Phyllanthus amarus ni ẹ̀yìn olóbe ẹ̀yìnkùlé yín, tí èso rẹ̀ tò sábẹ́ ewé. Ìbátan rẹ̀, Phyllanthus urinaria, wà nínú egbòogi ẹ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà.

Ní 1988, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Madras, ní Íńdíà. Nínú ènìyàn 37 tó ní kòkòrò hepatitis B lára, tí wọ́n sì lo ẹ̀yìn olóbe, àmì kòkòrò náà pòórá lára 22. Ìrètí ńlá ni! Ṣùgbọ́n àwọn tó tún un dánwò ní Thailand kò rí irú rẹ̀.

Mi ò bú àgbo Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé oríṣiríṣi àìsàn ló ń mú ojú pọ́n: àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis), òkúta inú òróòro, kódà àgbo mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo àgbo tó ti mu. Bó bá jẹ́ hepatitis B, kí gbogbo ará ilé lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.