Ẹ Má Fa Aláìsàn Lápá

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn kan wà tí ẹ máa gbọ́ títí ní wọ́ọ̀dù: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi." Ọmọ Màmá ló ń sọ ọ́. Ó ti ki ìrọ̀rí mẹ́ta sí wọn lẹ́yìn, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Màmá kò ṣẹ́. Ìfẹ́ ni, ẹ má bá a jà. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì máa ń jẹ ẹran ara. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007 ní kí àwọn àgbà mélòó kan tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10; ẹran ẹsẹ̀ tí wọ́n pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Àwọn tí kò ṣàìsàn nìyẹn o! Ká má tíì sọ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú ẹsẹ̀, tó lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ti egbò ìdí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn láti gbé e dìde, ẹ wo fáìlì bóyá dókítà ti gbà kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí ojú iṣẹ́ abẹ bá ń dùn ún, ẹ fún un ní oògùn ara ríro tí wọ́n kọ fún un, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ná. Ẹ rẹ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ẹ ti bíréèkì rẹ̀. Kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró. Ẹ bi í bó ṣe sùn, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Bí òógùn bá yọ níwájú orí, tí ìdáhùn rẹ̀ ń falẹ̀, òòyì ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ dá a padà. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ kó tó dìde, ẹ tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó bá dìde tán. Bí nọ́ńbà òkè bá já tó 20, ìrìn kò tíì yá.

Èmi kò dúró lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́. Iṣẹ́ òru ni, àwa méjì péré la wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Bàbá kan fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, mo fà wọ́n lápá, mo ní, "Ó yá, Bàbá." Ní ìgbésẹ̀ kẹta, wọ́n bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí aṣọ tó já lórí okùn. Egungun kankan kò ṣẹ́, àmọ́ odidi ọjọ́ 4 ni wọn kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn dìde mọ́. Apá èèyàn kì í ṣe ọwọ́ kẹ́tù. Ẹ dúró síbi tí ara rẹ̀ kò ti lágbára, kí ẹ fi ọwọ́ gbá a mú ní ìbàdí.

Àti ìró! Ẹ bá Màmá so ó kó le. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ kan di ìró mú kò ní ọwọ́ tí yóò fi di yín mú. Sílípáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, ẹ gbé e jù sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ tún wá ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. "Ẹ rìn díẹ̀" kì í wọ àgbà létí. Màmá kan kọ̀ jálẹ̀ fún mi rí, àfìgbà tí mo ní ká lọ wo alákàrà láti ojú wíńdò ìparí wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀dì kejì la dé tá a fi padà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń bá mi jà pé àkàrà ti fẹ́ tán, pé mò ń rìn jẹ́jẹ́ jù.