WÁ ẸNI TÍ YÓÒ TỌ́ Ọ SỌ́NÀ LẸ́NU IṢẸ́ RẸ

AKỌ́SÓRÍ: Òwe 13:20
BÍBÉLÌ KÍKÀ: 1 Àwọn Ọba 19:19-21, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:26-28

Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ gbé Èlíṣà sókè, kò rán áńgẹ́lì sí i nínú oko rẹ̀. Ènìyàn ni Ó rán sí i. Èlíṣà ń fi àjàgà màlúù méjìlá túlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Èlíjà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì da agbádá rẹ̀ bò ó. Ẹni tí ó ní àjàgà màlúù méjìlá lóko kì í ṣe tálákà. Síbẹ̀ ó dìde, ó tẹ̀lé Èlíjà, ó sì di ìránṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Èlíjà ti lọ, tí ọba Jèhóṣáfátì ń béèrè wòlíì Olúwa, ohun tí wọ́n fi júwe Èlíṣà ni pé òun ni ó máa ń bu omi sí ọwọ́ Èlíjà (2 Àwọn Ọba 3:11). Níbi tí ó ti ń bu omi yẹn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ wòlíì.

Olùfẹ́, ta ni ìwọ ń bu omi sí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tí o yàn? Ta ni o lè bi léèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá rú ọ lójú?

Àwọn bàbá wa mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí yóò di télọ̀, mẹkáníìkì tàbí káfíńtà kò ní ra ẹ̀rọ àti òòlù kí ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Wọn yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn yóò tọwọ́ bọ̀wé, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò gbòmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kàwé jáde ní yunifásítì, a máa ń rò pé ìwé ẹ̀rí ti tó. Ìwé ẹ̀rí lè mú ọ wọ ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sọ fún ọ bí a ṣe ń bá ọ̀gá tó le ṣiṣẹ́, ìgbà tí ó yẹ láti kúrò níbi kan, tàbí ìdánwò wo ni ó yẹ kí o ṣe kí ìgbéga tó lè kàn ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọlọ́run ló ń gbààwẹ̀ nítorí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò sì béèrè rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Àdúrà dára, a kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ènìyàn ni Ọlọ́run ti fi ìdáhùn àdúrà náà sí lọ́wọ́.

KÍ NI OLÙTỌ́NISỌ́NÀ Ń ṢE FÚN NI?

1. Ó ń rí ohun tí ìwọ kò rí. Mósè ń jókòó ṣe ìdájọ́ àwọn ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó rò pé òun ń ṣe dáadáa. Jẹ́tírò, àna rẹ̀, wò ó lọ́jọ́ kan péré, ó sì sọ fún un pé àárẹ̀ yóò mú un bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ (Ẹ́kísódù 18). Mósè tí ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ gba ìmọ̀ràn náà, ó pín iṣẹ́ náà fún àwọn olórí, ara sì tù ú.

2. Ó ń dúró fún ọ níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Bánábà ni ó mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Àpọ́sítélì, tí ó sì jẹ́rìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá a lọ sí Tásù, ó mú un wá sí Áńtíókù, wọ́n sì jọ kọ́ni níbẹ̀ fún odindi ọdún kan (Ìṣe 11:25-26). Kò pẹ́ tí orúkọ Pọ́ọ̀lù fi ṣíwájú orúkọ Bánábà, Bánábà kò sì bínú. Olùtọ́nisọ́nà tòótọ́ kì í bẹ̀rù pé ọmọ yóò ju òun lọ.

3. Ó ń gbà ọ́ gbọ́ ju bí o ṣe gba ara rẹ gbọ́ lọ. Ní 1821 ni wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Fìrítáùn. Níbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, ó kọ́ ìwé kíkà, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ó ṣe, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù, rí i pé ọkùnrin yìí lè ṣe Bíṣọ́ọ̀bù. Crowther fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Venn rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, wọ́n sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bíbélì Yorùbá tí à ń kà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú títúmọ̀ rẹ̀.

ṢỌ́RA O!

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ga ni a ń tẹ̀lé. Rèhóbóámù kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó gba ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà mẹ́wàá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ (1 Àwọn Ọba 12). Bí ẹnìkan bá ní kí o yí ọjọ́ orí rẹ padà, kí o ra ìwé ẹ̀rí, tàbí kí o fi ara rẹ san owó ìrànlọ́wọ́, sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ipò rẹ̀ ti wù kó ga tó. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣí, ìtìjú ni yóò tì í. Ìwọ arábìnrin, ibi tí ojú ènìyàn wà ni kí o ti máa rí ẹni tí ń tọ́ ọ sọ́nà.

Má sì ṣe dà bí Géhásì. Ó sún mọ́ Èlíṣà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀bùn Náámánì, ẹ̀tẹ̀ ni ó sì gbà (2 Àwọn Ọba 5). Má ṣe sọ olùtọ́nisọ́nà rẹ di báǹkì. Ọgbọ́n ni o wá gbà, kì í ṣe owó.

BÁWO NI ÌWỌ YÓÒ ṢE RÍ I?

Kọ́kọ́ gbàdúrà, kí o sì mọ ohun tí o fẹ́ kọ́. Lẹ́yìn náà, wo àyíká rẹ: ilé iṣẹ́ rẹ, ìjọ rẹ, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ, àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wo ìwà rẹ̀ àti ilé rẹ̀ kí o tó wo mọ́tò rẹ̀. Má ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ó gba gbogbo ìgbésí ayé rẹ rù. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo tó ṣe pàtó lọ, kí o sì bọ̀wọ̀ fún àkókò rẹ̀. Ṣe ohun tí ó bá sọ, kí o sì padà wá jábọ̀ fún un. Ẹni tí ó ń padà jábọ̀ ni àgbà máa ń fẹ́ràn láti kọ́. Bí ó bá bá ọ wí, fara dà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èlíjà sọ fún Èlíṣà pé kí ó dúró, Èlíṣà kò fi í sílẹ̀, ó sì rí ìlọ́po méjì gbà (2 Àwọn Ọba 2).

Ìwọ tí o ti dé ibi gíga ńkọ́? Ta ni ò ń fà lọ́wọ́ sókè? Bí o bá kú pẹ̀lú ohun tí o mọ̀, àdánù ni fún ìjọ àti fún ìlú.

Bí o kò bá tíì gba Jésù, Òun ni olùkọ́ tí o nílò ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó ń pè ọ́ láti wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Rẹ̀ (Mátíù 11:29). Jẹ́ ìpè Rẹ̀ lónìí.

IṢẸ́ ṢÍṢE LÓNÌÍ: Kọ orúkọ ẹni méjì tí o lè kọ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn nínú iṣẹ́ rẹ. Gbàdúrà lé wọn lórí, kí o sì kàn sí ọ̀kan nínú wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

KÓKÓ ÀDÚRÀ:
1. Baba, mo dúpẹ́ fún gbogbo ẹni tí O ti lò láti tọ́ mi sọ́nà.
2. Olúwa, so mí pọ̀ mọ́ ẹni tí yóò ràn mí lọ́wọ́ láti mú ète Rẹ ṣẹ ní ayé mi.
3. Baba, mú ìgbéraga tí kì í jẹ́ kí n lè kẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú mi.
4. Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn burúkú.
5. Sọ èmi náà di Bánábà fún ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù. Àmín.